Àlàáfíà nígbà tí owó kò sí: kí la lè fi kọ́ àwọn èèyàn ní kíláàsì Bíbélì?

Olùkọ́_ÒkèFìà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ìjọ wa, lágbègbè Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí, fẹ́ ya ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: báwo ni onígbàgbọ́ ṣe lè ní àlàáfíà ọkàn nígbà tí owó kò sí, tí gbèsè sì wà nílẹ̀? Àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ ni àwọn ìyá ọlọ́jà láti Ìgbónà àti Ọjà Ọba, àwọn olùkọ́ ilé ìwé aládàáni, àwọn tó ń wa kòròpé, àti àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì mélòó kan. Látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò nílẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Bí èèyàn bá ní kí wọ́n "gbé e lé Olúwa lọ́wọ́", wọ́n á ṣe àmín, àmọ́ oorun kò ní tìtorí ẹ̀ wá lóru.

Mi ò wá ìwàásù wá síbí. Ohun tí ẹnì kan lè délé lálẹ́ ọjọ́ Ajé kó sì ṣe ni mò ń wá. Fílípì 4:6-7 la fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àjọ àti alájẹsẹ́kù, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìlera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá_Katikísìtì
Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo orí kẹrin yẹn, kì í ṣe ẹsẹ méjì péré. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ ọ́, orí kìíní ẹsẹ 13 sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lò fún "ṣọ́" ní ẹsẹ 7, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun ni, bí ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ bá dúró lẹ́nu bodè ìlú. Fílípì sì jẹ́ ìlú tí àwọn ọmọ ogun Róòmù tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé, wọ́n mọ ohun tó ń sọ. Àlàáfíà tó ń wí kò lé ọ̀tá kúrò lóko. Ẹnubodè ló dúró sí, kí ọ̀tá má ráàyè wọ inú ilé.

Ẹ wá wo ẹsẹ 11 àti 12. Pọ́ọ̀lù ní òun ti *kọ́* bí èèyàn ṣe ń ní ìtẹ́lọ́rùn. Ohun tí èèyàn bá kọ́, ó ní ọjọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ nínú kíláàsì yín, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní aláìnígbàgbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹsẹ 13 tí gbogbo ayé ń kọ sára ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ebi àti àjẹyó ló ń bá bọ̀ láti ẹsẹ 12, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun lórí ọ̀tá rárá.

Èyí tí àwọn oníwàásù máa ń fò ni ẹsẹ 14 sí 18. Ọkùnrin tó ní òun ti kọ́ ìtẹ́lọ́rùn yìí náà ló ń dúpẹ́ pé wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sóun lọ́wọ́ Ẹpafíródítù, ó sì rántí pé nígbà tóun wà ní Tẹsalóníkà, wọ́n ránṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ sọ èyí fún àwọn tí ojú ń tì láti gba ìrànlọ́wọ́. Ìtẹ́lọ́rùn àti gbígba oúnjẹ lọ́wọ́ ará jọ wà nínú lẹ́tà kan náà.

Akọ̀wé_Alájẹsẹ́kù
Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá Katikísìtì. Èmi á mú un wá sórí tábìlì.

Ẹsẹ 6 ní kí a sọ ìbéèrè wa di mímọ̀. Bí ẹni tó jẹ gbèsè bá fẹ́ sọ tirẹ̀ di mímọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tó jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé "ó pọ̀", ó parí. Ohun tí kò ní iye kò ní òpin, ìyẹn ló ń gbé èèyàn jí lóru.

Kí kálukú ra ìwé olójú ewé 40, kó fa ìlà sí ojú ewé kan kó di ọ̀nà mẹ́rin: ẹni tí mo jẹ, iye tí mo gbà, iye tó kù, ọjọ́ tí mo dá. Àpẹẹrẹ tí ẹ lè kọ sójú pátákó nìyí: Ìyá aláṣọ, ó ku 18,000. Owó ilé ìwé, 35,000. Àjọ tí wọ́n ti kó fún mi, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́nà 5,000, ìyẹn 30,000. Owó tí mo yá lórí fóònù, 13,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 96,500 náírà. Kí wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn iye yẹn á kéré sí ohun tí ẹ̀rù ń sọ, nígbà mìíràn á jù ú lọ. Èyí ó wù kó jẹ́, ó ti di nǹkan tí èèyàn lè dárúkọ níwájú Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìyẹn, èwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ san? Oúnjẹ, oògùn, owó ọkọ̀ tó ń gbé wọn dé ibi iṣẹ́ àti owó ilé kò ṣeé fi sílẹ̀. Nínú gbèsè fúnra rẹ̀, èyí tó ń bí ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa, ìyẹn owó èlé. Àjọ ló tẹ̀lé e, torí pé owó ẹlòmíràn tó ń retí àtikó tirẹ̀ lo há mọ́wọ́. Èyí tí kò ní èlé, tí olówó rẹ̀ sì ṣeé bá sọ̀rọ̀, ni kó gbẹ̀yìn.

Kí wọ́n lọ bá olówó *ṣáájú* ọjọ́ tí wọ́n dá. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: ẹni tí wọ́n jẹ lówó náà kì í sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ kò gùn: "Màmá, ẹ kú sùúrù. Owó yín 18,000 ṣì wà lọ́rùn mi, mi ò gbàgbé. Mi ò lè san án lẹ́ẹ̀kan lóṣù yìí. Màá máa mú 1,500 wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjìlá ló máa gbà." Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ojú á ti èèyàn, á wá ṣèlérí 3,000 kí inú Màmá lè dùn, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì kò ní rí i san mọ́. Kí wọ́n ṣèlérí iye tó kéré sí agbára wọn, kí wọ́n sì mú un ṣẹ.

Adé_Ọláìyá
Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ forí jì mí. Ṣé kíkọ gbogbo gbèsè sílẹ̀ kò ní dá kún ìpayà? Àwọn kan máa rí àpapọ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru.

Bàbá_Katikísìtì
Àbúrò mi, ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́ tán tí wọ́n jókòó tì í. Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi gbọ́dọ̀ bá àdúrà rìn, kí àdúrà náà sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ogún ìṣẹ́jú ti tó. Bí a ṣe lè ṣe é nìyí.

Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n pa fóònù tì. Kí wọ́n ka Sáàmù 13 sókè, kí etí wọn gbọ́ ọ. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè pé títí di ìgbà wo nínú ẹsẹ 1 àti 2. Nínú ẹsẹ 3 àti 4, ó sọ ohun tó ń fẹ́. Ẹsẹ 5 àti 6 ló tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ fo apá àkọ́kọ́, Ọlọ́run ló jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ní báyìí kí wọ́n ṣí ìwé gbèsè, kí wọ́n gbé ìka lé ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀: "Olúwa, 18,000 Ìyá aláṣọ nìyí." Kí wọ́n dárúkọ ẹni náà pẹ̀lú ire, kí wọ́n gbàdúrà fún ọjà tiẹ̀ náà. Ó ṣòro láti kórìíra olówó tí èèyàn ń gbàdúrà fún lálaalẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọpẹ́, torí ẹsẹ 6 fi ọpẹ́ sí i. Kì í ṣe ọpẹ́ fún gbèsè o. Ohun mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, kí wọ́n sì sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀kọ mẹ́ta tí aládùúgbò fún ọmọ, ibà tó lọ sílẹ̀, òjò tó dá kí aṣọ tó tutù. "Mo dúpẹ́ fún ohun gbogbo" kì í mú ọkàn sinmi tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí, kí wọ́n kọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ṣe lọ́la sísàlẹ̀ ojú ewé. Kí wọ́n pa ìwé náà dé. Kò gbọ́dọ̀ ṣí mọ́ títí alẹ́ ọjọ́ kejì. Bí oorun bá dá lójú wọn ní aago méjì òru, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ohun tó bá sọ sí wọn lọ́kàn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìlà kan, kí wọ́n máa tún ẹsẹ kúkúrú kan pè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí oorun á fi dé. Jésù fúnra rẹ̀ ló pààlà sí àníyàn ní Mátíù 6:34, ó ní wàhálà òní tó òní.

Nọ́ọ̀sì_Asúbíaró
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ara, torí inú ara ni ọkàn ń gbé. Nínú 1 Ọba 19, Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a wí, kò sì kọ́kọ́ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó jẹ àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹyín iná, ó mu omi, ó tún sùn, ó tún jẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló rìn dé òkè, tó sì gbọ́ ohùn. Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ààwẹ̀ wá ńkọ́? Nígbà ìṣòro, wọ́n á ní kí ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ 7, ọjọ́ 21. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gbọ́dọ̀ dá ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìrí dókítà, torí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì: á máa làágùn, á máa gbọ̀n, iyè rẹ̀ lè fò lọ. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, bákan náà. Kí irú wọn yẹra fún nǹkan mìíràn, bí fóònù lálẹ́ tàbí ṣúgà nínú tíì. Ààwẹ̀ ni ìyẹn náà. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, kí a má sọ fún un pé ààwẹ̀ ló gbà.

Orí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣọ́wó ná. Wọ́n á gé e sí méjì, tàbí wọ́n á lò ó ní ọjọ́ kan, wọ́n á fo ọjọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ á ru láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Kí wọ́n padà lọ bá ẹni tó kọ oògùn náà, kí wọ́n sọ ọ́ kedere pé, "Mi ò lè ra èyí mọ́, ṣé ẹ ní irú rẹ̀ tó dínwó?" Ó sábà máa ń wà.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ kọ́ wọn. Bí ẹnì kan kò bá sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wù ú, tí kò fẹ́ rí èèyàn, tó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí mọ́, àìsàn ni. Kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n má sì ní kó lọ ṣe ìṣọ́ òru. Kí ẹnì kan bá a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ ti ìjọba ní Asúbíaró tàbí ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kí wọ́n máa gbàdúrà fún un nígbà tó bá ń gba ìtọ́jú.

Díákónì_Ayétòrò
Ẹ ṣé gan-an, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kàn. Ìdámẹ́wàá. Málákì 3:10 ò tíì yí padà. Bí nǹkan ṣe le tó yìí, ẹni tó bá dá ìdámẹ́wàá dúró ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kí Olùkọ́ má fi í sílẹ̀.

Ìyá_Alátà_Ìgbónà
Díákónì wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìdámẹ́wàá *kí ni*. Ká ní ọlọ́jà kan ta ọjà 200,000 lóṣù kan. 172,000 ló fi ra ọjà náà. Owó ọkọ̀ jẹ́ 6,000, owó ọ̀rá àti ìsọ̀ jẹ́ 2,000. Èrè rẹ̀ kù 20,000. Bó bá san ìdámẹ́wàá lórí èrè, 2,000 ni. Bó bá san án lórí owó tó wọlé, 20,000 ni, gbogbo èrè ti lọ nìyẹn. Lóṣù tó tẹ̀lé e, oúnjẹ ọmọ á jáde látinú owó òwò. Láàárín oṣù mélòó kan igbá á ṣófo, á wá lọ yá owó èlé. Àwọn ọlọ́jà tó ń ṣe irú èyí pẹ̀lú ọkàn mímọ́ kò kéré, kò sì sẹ́ni tó ṣí ìwé òwò fún wọn rí. Kì í tán nígbá osùn ká má rí fi pa ọmọ lára, àmọ́ bí a bá ta igbá náà mọ́ osùn ńkọ́?

Díákónì_Ayétòrò
Ẹ seun, Ìyá wa. Mo gbà pé lórí èrè ni. Ìbísí oko ni Bíbélì ń sọ, kì í ṣe èso tí a máa tún gbìn. Níbi ká dá a dúró pátápátá nítorí gbèsè, mi ò tíì lè gbà.

Bàbá_Katikísìtì
Ẹ̀yin méjèèjì, mo kí yín. Ẹ ka 2 Kọ́ríńtì 8:12 àti 13 mọ́ Málákì: ohun tí èèyàn ní la fi ń gba ọrẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní, Pọ́ọ̀lù kò sì fẹ́ kí ara tu ẹnì kan kó wá ni ẹlòmíràn lára. Nínú Máàkù 7, Jésù bá àwọn tó fi owó ìtọ́jú òbí wọn ṣe ọrẹ tẹ́ńpìlì wí. Ní tèmi, ẹni tó ń san gbèsè lọ́wọ́ lè mú ohun kékeré wá tọkàntọkàn láìsí ẹ̀rù, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ yáwó láti san ìdámẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì jíròrò ibi tí Díákónì dúró sí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ni, kò yẹ kí a fipá mú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀jẹ́ ìkórè náà ńkọ́? Ẹni tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ 50,000 ní gbangba tí kò rí i mọ́, kó má sá fún ìjọ. Kó lọ bá akápò tàbí àlùfáà lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sunday, kó ní kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n pín in. Oníwàásù 5 sọ ọ́ pé ó sàn kí a má jẹ́jẹ̀ẹ́ ju kí a jẹ́ ẹ ká má san án.

Fọlá_ÒkèBaálẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, owó orí fóònù ńkọ́? Ìyẹn ló ń gba oorun lójú àwọn ọ̀dọ́ jù. Wọ́n á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn pé olè ni.

Akọ̀wé_Alájẹsẹ́kù
Ìbéèrè dáadáa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Èèyàn gba 10,000, ó máa dá 13,500 padà lẹ́yìn ọjọ́ 14. Bó bá lọ yá ti ibòmíràn ní irú èlé kan náà láti fi san án, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ 10,000 yẹn á ti lé ní 33,000. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ ni pé kó dáwọ́ yíyá tuntun dúró, kódà bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ ọn.

Ìkejì, kó ṣáájú wọn. Kó kọ ìlà méjì sí àwọn tó sún mọ́ ọn jù, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti olórí ẹgbẹ́ ìjọ náà: "Ẹ kú ojúmọ́ o. Mo yá owó lórí fóònù, mo sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá wọlé nípa mi, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín." Lọ́jọ́ tó bá fi èyí ránṣẹ́, ohun ìjà wọn ti bọ́. Ìtìjú ni wọ́n ń tà.

Ìkẹta, kó ya àwòrán gbogbo ìhàlẹ̀ náà sórí fóònù pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà, kó fẹjọ́ sùn ní FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Orúkọ àwọn ayánilówó tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí ojú òpó wọn. Láti May 2023 ni Google pàápàá ti ní áàpù owó yíyá kò gbọ́dọ̀ wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò èèyàn. Bó bá ń san, kó san án sí àkáǹtì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ náà, kì í ṣe ti aṣojú tó pè é.

Owó gbọ́mú-lé-lántà, ìyẹn owó kéékèèké tí wọ́n ń yá àwọn ọlọ́jà tí wọ́n sì ń san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, náà nílò ìṣirò kí wọ́n tó gbà á. Ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ: wọ́n ní 50,000, wọ́n yọ 5,000 fún ìfowópamọ́, 45,000 lo rí gbà. O máa san 2,600 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìyẹn 62,400. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni sísan bẹ̀rẹ̀. Ó lè ṣeé ṣe fún ẹni tó ń ta tòmátò tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́. Ẹni tó fi san owó ilé ìwé tàbí tó fi ṣòkú kò ní ibi tí 2,600 ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á ti jáde. Kí ẹni tí wọ́n bá ní kó wá ṣe onídùúró ka Òwe 6:1-5 kó tó fọwọ́ síwèé.

Ìyá_Ìjọ_ÒgoOlúwa
Ẹ kú làálàá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbẹ́ kejì: ohun tí ìjọ gbọ́dọ̀ ṣe. Jákọ́bù 2:15-16 kò jẹ́ ká sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà, ká má sì fún un ní nǹkan. Bí kíláàsì yín bá ní èèyàn 25, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìgbìmọ̀ ìjọ.

Ẹ jẹ́ kí èèyàn mẹ́wàá dáwó ra àpò ìrẹsì tàbí ẹ̀wà kan ní Ìgbónà, kí wọ́n pín in. Ó dínwó ju kí èèyàn máa rà á ní kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ. Kóńgò kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kóńgò ọjà ni wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ìka yín á bá òkè kékeré kan nísàlẹ̀. Kóńgò tiyín ni kí ẹ gbé lọ. Kí olúkúlùkù bu agolo mílíìkì kan jáde látinú ìpín tirẹ̀ sínú báàgì kan tí a yà sọ́tọ̀. Báàgì yẹn ni ti opó tàbí ẹni tí kò rí owó dá.

Èèyàn méjì ni kó gbé e lọ, lálẹ́, láìya fọ́tò, láìkéde. Nínú Ìṣe 6, àròyé àwọn opó ló mú kí wọ́n yan èèyàn méje tó ní orúkọ rere, nítorí náà ẹ ní ìwé kékeré tí ẹ ń kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ fún èèyàn sí, kí a má baà fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta kí a sì gbàgbé ẹlòmíràn. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí ẹni tó gbé e lọ wá sọ ọ́ bí ẹ̀rí ní ìjọ. Ẹni tí a fún kò ní wá mọ́.

Adé_Ọláìyá
Ẹ ṣé, Màmá. Àwọn wòlíì tó ń ní kí èèyàn mú 50,000 "irúgbìn" wá kí gbèsè lè parẹ́, kí la fẹ́ sọ nípa wọn?

Bàbá_Katikísìtì
Ẹ fi ìtàn Èlíṣà dá wọn lóhùn. Ní 2 Ọba 4, opó kan tọ Èlíṣà wá pé olówó ń bọ̀ wá kó ọmọ òun méjì lẹ́rú. Èlíṣà kò gba kọ́bọ̀. Ó béèrè pé kí ló wà nínú ilé rẹ, ó ní kó lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ aládùúgbò, kó má yá díẹ̀. Nígbà tí òróró pọ̀, ó ní kó lọ tà á, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àtọmọ máa jẹ ìyókù. Ní orí karùn-ún, Géhásì sáré tẹ̀lé Náámánì láti gba fàdákà àti aṣọ lẹ́yìn ìwòsàn, ẹ̀tẹ̀ ló bá wálé. Wòlíì tó bá ń gba owó lọ́wọ́ onígbèsè, ọ̀nà Géhásì ló ń tọ̀.

Ẹ rántí ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ nílùú Iléṣà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, lọ́dún 1930. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ló ṣíwájú rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, tí owó kòkó já. Àdúrà àti omi ni àwọn èèyàn ń gbé lọ sílé. Owó kòkó kò torí rẹ̀ gòkè lọ́wọ́ kan, síbẹ̀ wọ́n ń wá.

Fọlá_ÒkèBaálẹ̀
Ẹni tó fi gbèsè pa mọ́ fún ọkọ tàbí aya rẹ̀ ńkọ́? Mo rò pé ibẹ̀ ló le jù.

Ìyá_Ìjọ_ÒgoOlúwa
Ó le lóòótọ́. Kó má sọ ọ́ lórí ibùsùn, kó má sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ, kó má sì sọ ọ́ kí oúnjẹ tó jinná. Lẹ́yìn oúnjẹ, kó gbé ìwé náà wá, kó kọ́kọ́ sọ àpapọ̀ rẹ̀: "96,500 ni. Mo ti fi pa mọ́ fún ọ, mo bẹ̀bẹ̀." Bó bá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, 20,000 lónìí, 30,000 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọgbẹ́ náà á máa ṣí ni. Kó jẹ́ kí ẹnì kejì bínú, kó má wá àwáwí. Bí ó bá mọ̀ pé ẹnì kejì lè na òun, kó má dá a sọ. Kó pe àgbà kan tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún.

Àti aṣọ ẹbí: kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé kò sí èyí tí wọ́n máa rà títí ìwé yẹn á fi tán. "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ wá bá yín yọ̀, aṣọ tí mo ní ni màá wọ̀." Ó tó.

Olùkọ́_ÒkèFìà
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Olúwa á san án fún yín. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn ìyá mẹ́rin kan wà nínú kíláàsì tí wọn kò mọ̀ọ́kọ, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ wọn máa bá wọn kọ gbèsè wọn sílẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe ti ìwé?

Ìyá_Alátà_Ìgbónà
Kí wọ́n lo àgbàdo gbígbẹ, Olùkọ́. Abọ́ kékeré kan fún olówó kọ̀ọ̀kan. Hóró kan dúró fún 1,000. Ti Ìyá aláṣọ á jẹ́ hóró 18, ti àjọ á jẹ́ 30. Kí wọ́n so òwú àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í mú. Lálẹ́, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé abọ́ náà, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ni ín nínú àdúrà, bí Bàbá Katikísìtì ṣe sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá san 1,000, kí wọ́n yọ hóró kan sínú ìgò tó mọ́lẹ̀, kí wọ́n lè máa rí èyí tí wọ́n ti san. Bó bá jẹ́ 1,500, kí wọ́n fi ẹ̀wà kan ṣe 500. Kí wọ́n ju ata gbígbẹ méjì sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí kòkòrò.